Kíìtì Spitfire 1/72 dé Àkúrẹ́ láìsí gúlù, láìsí ọ̀dà: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi tó wà ní Leeds fi àpótí kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé sí Kẹ́hìndé mi, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ náà ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju bàálù lọ. Spitfire Mk I ni, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti ilé iṣẹ́ Airfix, ìwọ̀n 1/72. A ṣí i, a bá àwọn ẹ̀yà rọ́bà tó so mọ́ férémù, ìwé tó ń fi bí a ṣe ń tò ó hàn, àti bébà sítíkà olómi kan. Kò sí gúlù, kò sí ọ̀dà. Nọ́ńbà ọ̀dà Humbrol nìkan ni ìwé náà ń kà. Mo ti wá a dé Ọjà Ọba, mo ti bi àwọn tó ń ta ìwé lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, kò sẹ́ni tó ní in.

Kí la lè rí rà ní Àkúrẹ́ tí kò ní ba rọ́bà yìí jẹ́? Ṣé bọ́rọ́ṣì lè ṣe é dáadáa, àbí dandan ni ká wá ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà? Ọmọ ọdún 13 ni, mi ò fẹ́ kẹ́míkà tó máa le jù fún un. Ó tún ń bi mí pé àwọ̀ wo gan-an ló tọ́, mi ò sì mọ èyí tí màá sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Bàbá Alágbàká

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, Olúwa á bá wa wò wọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti ń to irú nǹkan yìí, inú mi sì dùn pé ọmọ yín béèrè àwọ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan gúlù, kó kọ́kọ́ yan oṣù àti ọdún tí bàálù rẹ̀ ń jà.

Spitfire kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ 5 oṣù March 1936 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ gbéra. R. J. Mitchell tó ya àwòrán rẹ̀ kú ní 1937, kò rí i kó tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ní 1938. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní abẹ̀bẹ̀ onígi alápá méjì níwájú. Nígbà tí wọ́n fi máa kojú Jámánì lókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín July sí October 1940, alápá mẹ́ta ló ti wà lórí wọn.

Àwọ̀ náà ń yí padà. Orí bàálù jẹ́ Dark Earth àti Dark Green, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé tó ṣú. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Kó tó di June 1940, wọ́n ń kun abẹ́ ìyẹ́ kan ní dúdú, èkejì ní funfun, kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè dá bàálù tiwọn mọ̀. Láti June yẹn ni wọ́n ti sọ gbogbo abẹ́ rẹ̀ di Sky, funfun tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbànú Sky tó yí ara bàálù ká nítòsí ìrù, ìparí November 1940 ni àṣẹ rẹ̀ jáde. Ní August 1941, wọ́n yọ àwọ̀ ilẹ̀ kúrò pátápátá, wọ́n fi àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá wá kun ìgbànú yẹn sára bàálù tó jà ní August 1940 ti da ọdún pọ̀ nìyẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Kó dojú bàálù náà délẹ̀ kó wo abẹ́ ìyẹ́. Lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún ni rédíétọ̀ ńlá onígun mẹ́rin wà. Lábẹ́ ìyẹ́ òsì, èyí tó kéré ló wà níbẹ̀, òun ló ń mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tutù. Ọ̀tún awakọ̀ tó jókòó sínú rẹ̀ ni mò ń wí. Tí ẹ bá ti dojú bàálù délẹ̀ tí imú rẹ̀ kọjú síwájú, ọ̀tún yẹn ti bọ́ sí ọwọ́ òsì yín. Kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìyẹ́ kó tó lẹ ohunkóhun.

Sípírẹ́yà Ọ̀nà Ọ̀dà

Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́tò ni mò ń kùn, n ò to bàálù rí, àmọ́ mo mọ ọ̀dà, mo sì mọ rọ́bà. Tínà tí wọ́n ń wọ̀n fún wa látinú gálọ́ọ̀nù, ẹ má jẹ́ kó kan ìyẹ́ bàálù yẹn. Rọ́bà bọ́ńpà mọ́tò le, ó ń fara dà á. Èyí tó wà nínú àpótí ọmọ yín tẹ́ẹ́rẹ́, yíyọ́ ló máa yọ́, gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sára rẹ̀ á sì parẹ́. Bákan náà ni acetone tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń nu ọ̀dà ọwọ́ kúrò.

Ohun tí ẹ lè rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò ni sáńpépà olómi, nọ́ńbà 800, 1000 àti 1200, pẹ̀lú másíkìn-téèpù. Púráímà eléérú inú agolo náà wà. Kí ẹ tó fọ́n ọn sára bàálù, ẹ fọ́n díẹ̀ sára férémù tí ẹ ti gé ẹ̀yà kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Tó bá gbẹ tó sì dọ́gba, tí èékánná ò lè há a, ẹ lè lò ó. Tí ojú rọ́bà bá rí hágahàga tàbí tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ gbàgbé agolo yẹn.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn. Ẹ gbé agolo jìnnà tó 25 sí 30 cm. Kí ọ̀dà ti máa jáde kó tó kan bàálù, kí ẹ gbé e kọjá lára rẹ̀ kí ẹ tó tu ìka. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn lórí bàálù gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ti ṣàn. Kí ọmọ fi nǹkan bo imú o.

Tísà Físíìsì Òkè-Ìjẹ̀bú

Òótọ́ ni sípírẹ́yà sọ, ẹ jẹ́ n fi ìdí rẹ̀ kún un. Polystyrene ni rọ́bà yìí. Gúlù tí wọ́n ṣe fún un ń yọ́ ojú ẹ̀yà méjèèjì díẹ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, tí omi gúlù bá sì fò lọ tán, wọ́n ti di ọ̀kan. Iṣẹ́ kan náà ni tínà ń ṣe, àmọ́ tirẹ̀ ò mọ níwọ̀n. Ẹ má ní kí àbúrò yín fi gúlù yẹn sínú ẹrù ẹni tó ń wọ bàálù bọ̀. Nǹkan tó ń gbaná ni, wọn kì í gbà á láyè.

Super glue tó wà ní gbogbo ìsọ̀ á ṣe é. Kó kán ẹ̀kán kan sórí ìdérí ìgò, kó fi orí abẹ́rẹ́ mú un lọ síbi tó fẹ́. Ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń lò ó, torí ó ń yára lẹ awọ ara pọ̀, ojú ò sì ṣeé fi ṣeré. Gíláàsì tó bo orí awakọ̀ ni kí ẹ yọ sílẹ̀ fún un: èéfín super glue máa ń sọ rọ́bà tó mọ́ gaara di funfun. Top Bond tí káfíńtà ń lò ni kó fi lẹ ìyẹn. Tó bá tutù, funfun ni, tó bá gbẹ, kò ní hàn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣe ìṣirò díẹ̀, ó máa ràn án lọ́wọ́. Ìyẹ́ Spitfire gidi, láti ṣóńṣó kan dé èkejì, jẹ́ 11.23 m. Tí ẹ bá pín in sí 72, ó di 15.6 cm. Gígùn rẹ̀, 9.12 m, di 12.7 cm. Kó wá ṣe ọ̀dà bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀dà tó nípọn tó 0.1 mm péré lórí tirẹ̀ á jẹ́ ohun tó ju 7 mm lọ lára bàálù gidi. Kò sí bàálù kankan tó gbé irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fò. Torí náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó máa kùn ún.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá wa, ẹ̀yin Tísà, àti sípírẹ́yà. Mo ti ra sáńpépà, téèpù àti Top Bond. Kẹ́hìndé yan August 1940, ó ní òun fẹ́ ọjọ́ tí ìjà náà gbóná jù. Ó wá fẹ́ lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lónìí kó lè rí bó ṣe rí, kó wá kùn ún nígbà tó bá ti ilé ìwé dé lọ́la. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Rárá o, ẹ bá mi dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ ìfọwo fọ gbogbo férémù náà, torí òróró tí wọ́n fi ń yọ rọ́bà kúrò nínú mọ́ọ̀dù máa ń kù sára rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í dì mọ́ òróró. Kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kó wá fi ìgé-èékánná gé ẹ̀yà kúrò lára férémù, kó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yà náà, kó fi sáńpépà há ìyókù kúrò. Tó bá fi ọwọ́ já a, á ya wọ inú ẹ̀yà.

Inú ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ewé eléérú ni wọ́n kun ògiri rẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ dúdú. Tó bá ti lẹ ìhà méjèèjì ara bàálù pọ̀ tán, bọ́rọ́ṣì ò ní lè débẹ̀ mọ́. Kó kùn ún, kó gbẹ, kó tó pa ìhà méjèèjì dé.

Kí gbogbo ẹ̀yà kọ́kọ́ bá ara wọn mu láìsí gúlù. Ibi tó le jù ni ibi tí ìyẹ́ ti pàdé ara. Ìyẹ́ Spitfire ò tẹ́ gbalaja, ó gbé ṣóńṣó sókè díẹ̀. Kó gbé bàálù náà sórí tábìlì tó tẹ́jú, kó fi rúlà wọn gíga ṣóńṣó ọ̀tún àti ti òsì láti orí tábìlì. Tí wọn ò bá dọ́gba, kó fi páálí há abẹ́ èyí tó rẹlẹ̀, kó fi másíkìn-téèpù fà wọ́n mú, kó tó wá kán gúlù sí i. Táyà kó dúró dé ìgbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ Spitfire tín-ín-rín, ó sì sún mọ́ ara wọn, ọwọ́ á ṣẹ́ ẹ nígbà tó bá ń kùn ún.

Àlàfo tó bá ṣẹ́kù lẹ́bàá ìyẹ́, ẹ má wá bọ́dífílà. Ẹ kán super glue sínú rẹ̀, ẹ bu páúdà ọmọdé lé e, ó máa le lójú ẹsẹ̀. Kó fi sáńpépà 800 há a láàárín wákàtí kan, torí tó bá pẹ́ sí i, á le ju rọ́bà tó yí i ká lọ, rọ́bà lá sì máa jẹ tán dípò rẹ̀. Kó wá fi 1200 parí rẹ̀ nínú omi.

Ayàwòrán Adéyẹmí

Mo kí gbogbo ilé láti Òǹdó. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ ní Adéyẹmí, ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀dà, torí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ Ìyá Ìbejì ò tí ì pé. Bọ́rọ́ṣì tó. Ọ̀dà acrylic tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, èyí tó wà nínú túùbù, ni kí ẹ rà. Omi la fi ń pò ó, omi la fi ń fọ bọ́rọ́ṣì, kò sì ní ba rọ́bà jẹ́. Funfun, dúdú, yellow ochre, burnt umber, ewé kan, pupa kan àti yẹ́lò kan tó fún gbogbo bàálù náà. Bọ́rọ́ṣì pẹlẹbẹ kan tó rọ̀, tí irun rẹ̀ kì í ṣe ti bọ́rọ́ṣì ilé, àti tín-ín-rín kan.

Dark Earth: burnt umber àti yellow ochre, ìlàjì sí ìlàjì, funfun díẹ̀. Dark Green: ewé, kí ẹ fi dúdú sí i kó lè ṣú, kí ẹ fi yellow ochre díẹ̀ sí i kó má baà dà bí ewé tuntun. Sky: funfun ló pọ̀ jù, ẹ̀kán yẹ́lò kan, ewé tí kò tó ẹ̀kán. Ẹ kun àpẹẹrẹ sórí páálí funfun, kó gbẹ, kí ẹ tó gbà pé ó tọ́, torí acrylic máa ń ṣú sí i tó bá gbẹ. Ẹ tún fi funfun díẹ̀ kún gbogbo wọn ju bí àwòrán inú ìwé ṣe rí lọ. Ohun kékeré máa ń ṣú lójú ju ohun ńlá tí wọ́n fi àwọ̀ kan náà kùn.

Pípò rẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Kí ọ̀dà náà ṣàn bíi mílíìkì inú agolo tí a ti fi omi là díẹ̀. Àkọ́kùn á jọ ohun tí kò dára, rọ́bà á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń bu ọ̀dà kíkì lé e. Kó fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìkejì, kó gba ọ̀nà òdìkejì sí ti àkọ́kọ́. Ìkẹta ló máa bò ó tán. Ibi tó bá ti kùn, tó ti ń gbẹ, kó má padà síbẹ̀ láti tún un ṣe, bọ́rọ́ṣì á hó o sókè ni.

Abẹ́ ni kó kọ́kọ́ kùn, Sky. Tó bá gbẹ, kó fi téèpù bo etí rẹ̀, kó kun gbogbo orí bàálù ní Dark Earth. Lẹ́yìn náà kó fi pẹ́ńsù tó rọ̀ ya ìlà Dark Green bó ṣe wà nínú ìwé, kó fi bọ́rọ́ṣì tín-ín-rín tẹ̀ lé etí ìlà náà, kó tó fi pẹlẹbẹ kun àárín. Ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ iwájú jẹ́ yẹ́lò. Íńṣì mẹ́rin ni lára bàálù gidi, tirẹ̀ á jẹ́ 1.4 mm, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Nínú òjò báyìí, acrylic ń pẹ́ kó tó gbẹ délẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lẹ téèpù mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ lórí bọ́rọ́ṣì kó tó dé ara bàálù, eruku sì ń bà lé e. Ẹ da abọ́ bò ó.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Bàálù ogun àwọn tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà ni ọmọ yìí fẹ́ gbé sórí tábìlì. Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Bàbá Alágbàká

Mi ò bínú, ìbéèrè gidi ni. Ó kàn wá. Nígbà ogun yẹn, káàkiri àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń dáwó láti ra Spitfire, £5,000 ni wọ́n pe iye ẹyọ kan. Nàìjíríà náà dáwó fún ogun yẹn, owó tó jáde láti ọwọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò wà níbẹ̀. Ọmọ wa lọ jà pẹ̀lú. Peter Adéníyí Thomas, ọmọ Nàìjíríà, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ó di awakọ̀, ó di ọ́físà. January 1945 ló kú lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tó lọ sí Burma nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn ò padà wálé. Ọmọ tó bá ń to bàálù yìí tó wá béèrè ẹni tó sanwó rẹ̀ àti ẹni tó gùn ún, ìtàn tiwa ló ń wá. Mi ò rí ìdí tí màá fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àró

Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé. N ò gbọ́ ti Thomas yẹn rí.

Sípírẹ́yà Ọ̀nà Ọ̀dà

Tí ó bá kùn ún tán, ẹ jẹ́ n fi kílíà tí a ń fọ́n sára mọ́tò bò ó, á dán, kò sì ní há.

Ayàwòrán Adéyẹmí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kílíà yín ní tínà nínú, ó lè gba inú acrylic kọjá dé rọ́bà. Bàálù ogun kì í sì í dán, wọ́n fẹ́ kó fara pamọ́ ni. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ kan: sítíkà olómi nílò ojú tó dán kó tó lẹ̀ dáadáa. Lórí ojú tí kò dán, afẹ́fẹ́ ń há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bíi fàdákà. Acrylic medium tó ń dán, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀dà wa, ni kó fi bọ́rọ́ṣì kùn ún, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Tí sítíkà bá ti wà lórí rẹ̀, kó fi èyí tí kì í dán bo gbogbo rẹ̀.

Sípírẹ́yà Ọ̀nà Ọ̀dà

Mo gbà. Ti omi, mi ò mọ̀ ọ́n tó yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ti sítíkà: kó gé ẹyọ kan péré, kó fi sínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí bébà rẹ̀. Kó má gbé e sókè. Kó gbé bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń lọ, tí omi ti wà, kó fi bọ́rọ́ṣì tì í bọ́ síbẹ̀. Kó fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Tí kò bá tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n fín, kó fi fínígà funfun tí a ti fi omi là pa á lára, á rọ̀, á wọnú rẹ̀. Nígbà yẹn, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án.

Kó kíyè sí òbìrí, àmì ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú sítíkà náà. Àwọn tó wà lórí ìyẹ́ jẹ́ búlúù àti pupa nìkan, kò sí funfun nínú wọn. Àwọn tó wà lára bàálù ní funfun nínú, yẹ́lò sì yí wọn ká. Ó rọrùn láti gbé wọn sí ibi tí kì í ṣe tiwọn. Níwájú ìyẹ́, ó máa rí pupa kéékèèké mẹ́jọ: aṣọ tí wọ́n lẹ̀ bo ẹnu ìbọn Browning mẹ́jọ ni, kí òtútù àti ìdọ̀tí má baà wọlé. Tí wọ́n bá ti yìnbọn, ó ti ya nìyẹn. Tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́ bàálù tó ń padà bọ̀ láti ojú ìjà, kó yọ pupa náà sílẹ̀, kó kun dúdú sí ihò, kó sì fi èédú tó ti lọ̀ kúnná pa á díẹ̀ sẹ́yìn lórí ìyẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Kẹ́hìndé ní tó ń padà bọ̀ ni òun fẹ́. A ti fọ férémù, ó ti kun inú rẹ̀, ó sì ti kọ ọ̀tún àti òsì sínú ìyẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Táíwò náà ti fẹ́ bá wọn dá sí i báyìí, òun ló ń po ọ̀dà. Sípírẹ́yà, ṣé ẹ ṣì lè bá wa fọ́n púráímà náà? Ẹ̀rù agolo yẹn ń bà mí.

Sípírẹ́yà Ọ̀nà Ọ̀dà

Ẹ mú un wá ní Sátidé kí òjò ọ̀sán tó dé, Mọ̀mí. Kí ẹ ti lẹ ara àti ìyẹ́ pọ̀, kí ẹ fi téèpù bo ibi awakọ̀. Ẹ mú férémù tó ti ṣófo dání pẹ̀lú, òun ni mo máa kọ́kọ́ fọ́n kí àwọn ìbejì méjèèjì rí i.